Àpò Yanrìn Kóòṣì Ọdẹkúnlé

Yanrìn ló dà jáde nínú àpò náà. Bàrúwà rí i kedere, síbẹ̀ ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, bóyá ìrẹsì á wà nísàlẹ̀. Kò sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọdẹkúnlé, ló rọ yanrìn náà sí i. Kóòṣì ni gbogbo Owódé ń pè é. Nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, òun ló ń gbá bọ́ọ̀lù iwájú fún wọn, àfi bíi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Ọjọ́ àṣekágbá ni orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ó sunkún délé. Ó nu ojú, ó parí ìwé rẹ̀, ó wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nítòsí bọ́dà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, bọ́ọ̀lù yá. Ọmọ tí kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kò ní fẹsẹ̀ kàn án.

Fayawọ́ ló ń bá a du àwọn ọmọ náà. Ẹni tó bá ti lè ru àpò ìrẹsì kan la igbó kọjá, ó ti gbàgbé kíláàsì nìyẹn. Ni Kóòṣì bá ṣa òfìfo àpò ìrẹsì jọ, ó rọ yanrìn sí wọn.

“Ṣebí ẹrù lẹ fẹ́ rù? Ó yá, ẹ rù ú sáré. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́ kí n tó fun fèrè.”

Ẹsẹ̀ wọn le. Wọ́n na àwọn ọmọ Ìlaròó ní bọ́ọ̀lù nínú ilé wọn.

Ìgbà tí ìjọba wá ti bọ́dà, àwọn aṣọ́bodè oníbọn kún ojú ọ̀nà. Ọ̀kadà ni Bàrúwà ń gùn, ó ń rí wọn. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká pa àpò yìí tì ná.”

“Yanrìn ni mo rọ sí i. Ṣé wọ́n ti bọ́dà mọ́ yanrìn náà ni?”

“Ta ló máa dúró béèrè?”

“Ojo. Ìdí tí o ò fi mọ bọ́ọ̀lù gbá nìyẹn.”

Bàrúwà rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Lówùúrọ̀ Sátidé, Kóòṣì gbé àpò tiẹ̀ náà, ó tiro sáré síwájú àwọn ọmọ. Òun ló kọ́kọ́ yọ sí títì. Bóyá àwọn oníbọn ní kó dúró, bóyá wọn ò sọ. Ìbọn ni Bàrúwà gbọ́ níbi tó ti ń gbé omi bọ̀ fún àwọn ọmọ.

Ó bá Kóòṣì nílẹ̀, kò mí mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn oníbọn ti fi ọ̀bẹ la àpò náà. Ọkùnrin yẹn wo yanrìn, ó wo Bàrúwà.

“Kí ló wá ń gbé e sá fún?”

Bàrúwà ki ọwọ́ bọ inú àpò náà.

Àwọn ọmọ ń yọ nínú igbó lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpò ṣì wà lórí wọn. Àwọn oníbọn tún gbé ìbọn sókè.

Bàrúwà bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ fèrè lọ́rùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fun ún.

Wọ́n sọ àpò kalẹ̀.