Èènì Ìyá Qaosarat

Ẹ̀gbẹ́ títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀, níhìn-ín ní Ìkirè, ni Sàlámọ̀tù, ìyá Qaosarat, ti ń ta dòdò. Èmi Raliat ń ta omi inú ọ̀rá àti búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Bí ẹ bá ti gba ọ̀nà yìí kọjá rí, tí ẹ nawọ́ jáde nínú ọkọ̀ láti ra dòdò dúdú tó ṣe ṣóńṣó yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló tà á fún yín.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, ni yóò bó, tí yóò fi ata àti iyọ̀ po, tí yóò sì fi epo pupa dín títí yóò fi dúdú. Bí ọkọ̀ bá ti rọra níbi tí títì ti bàjẹ́, á gbé àtẹ rẹ̀, á sáré tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tó ti wà ní wúńdíá ló ti ń sá eré yẹn. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti kọṣẹ́ báyìí. Orí àga ló ti ń kírun.

Ohun kan wà lára rẹ̀ tí mo fẹ́ràn, tó sì máa ń bí mi nínú: èènì. Kò sí ẹni tó ra dòdò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní fi èènì sí i fún. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ kan ti gba dòdò, ó ti sanwó, ó ti ń lọ, ni mo rí i tó tún ń tiro sáré tẹ̀ lé e. Mo pariwo, "Ìyá Qaosa, ẹni yẹn ti sanwó! Kí lẹ tún ń lé?" Ó dáhùn, "Èènì rẹ̀ ló kù lọ́wọ́ mi. Tí mo bá gbé e padà, mo jalè nìyẹn."

Ẹ wá wo ayé tí irú obìnrin báyìí ń gbé. Gbogbo ọwọ́ ló ti nà síta, tó ń wá owó. O lọ ra epo ní ilé epo, ọmọ tó fa epo náà á dúró tì ọ́ bí ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tọrẹ. O lọ gba owó tìrẹ ní báńkì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á kan sálúùtù: "Hápì wíkẹ́ńdì, Màmá!" Ọjọ́ Ajé sì ni o. Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi bímọ, nọ́ọ̀sì tó gbé ọmọ náà jáde dì í mú ṣinṣin, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, kò sì gbé e fún mi àfi ìgbà tí mo tú ìdí ìró. Ọmọ-ọmọ mi ni mo fowó gbà! Kí ni wọ́n ń gba owó oṣù fún? Ó ń rí mi lára. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i.

Bó ti wà nìyẹn nígbà tí Bólúwají, ọmọ Ìkirè kan tó ti Èkó dé, ṣí ilé oúnjẹ ńlá sí Àpòmù. Ó ránṣẹ́ sí Ìyá Qaosarat pé gbogbo dòdò rẹ̀ lòun fẹ́ máa kó lójoojúmọ́, àti pé ọkọ̀ òun ni yóò máa wá gbé e nílé. Ìyẹn ni pé eré títì ti tán. Ìyá Qaosarat ní "Àlùhámúdùlíláì," omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n sin òun lọ fẹnu ọ̀rọ̀ jóná.

Ìgbà tí a dé ibẹ̀, ọ̀gá kò tíì dé. Ìyá Qaosarat ní kò dáa ká jókòó sílé olóúnjẹ láì ra nǹkan, ló bá ra ìrẹsì àti ẹran fún àwa méjèèjì. Èmi fúnra mi ni mo lọ gbé abọ́ wa lórí káńtà. Nígbà tí a jẹun tán, ọmọbìnrin kan gbé ìwé wá. Owó kan wà lábẹ́ ohun tí a jẹ.

Mo béèrè, "Kí nìyí?"

"Sáfíìsì ṣáàjì ni, Màmá. Owó ìtọ́jú."

"Ta ló tọ́jú ta? Ṣé kì í ṣe èmi ni mo gbé abọ́ ni?"

Ìyá Qaosarat fọwọ́ tọ́ mi nítan. "Raliat, dákẹ́. Jẹ́ ká san án."

Ó san gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé abọ́ rẹ̀ sókè, ó nà án sí ọmọ náà, ó ń dúró. Lọ́kàn tirẹ̀, ẹni tó san lé lórí, wọ́n gbọ́dọ̀ bù lé e fún un. Ọmọ náà kò lọ. Òun náà na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ wá nǹkan fún wa."

"Ọmọ mi, èènì mi dà?"

Abọ́ nà sí ọwọ́, ọwọ́ nà sí abọ́, kò sí èyí tó mọ ohun tí èkejì ń wá. Ìgbà tó yé ọmọ náà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: "Una come hear o! Mama say make I give am jara!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Qaosarat rọra gbé abọ́ náà kalẹ̀.

Àsìkò yẹn ni Bólúwají wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó kí wa dáadáa.

"Màmá, dòdò yín ni gbogbo ayé mọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni màá máa kó. Ṣùgbọ́n kò ní sí èènì o. Àwa la máa fi owó ìtọ́jú tiwa lé e."

"Ẹni tó bá rà á yóò san lé lórí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò sì ní rí nǹkan kan gbà lé e?"

"Màmá, ayé ti yí padà. Èènì ti di ti àtijọ́."

"Kí lo máa pè é?"

"Dòdò Ìyá Qaosarat. Màá kọ ọ́ gàdàgbà sára ọ̀rá rẹ̀."

Ìyá Qaosarat ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó gbà. Inú ń bí mi o, ṣùgbọ́n orúnkún yẹn ni mò ń wò.

Ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ mi gba àlékún owó tí wọn ò ní í fúnni ní nǹkan kan dípò rẹ̀. Màá máa lọ."

Ní ẹnu géètì, ẹ̀ṣọ́ kan sálúùtù: "Mama, anything for your boys?" Ìyá Qaosarat yọ dòdò tó gbé wá láti fi han ọ̀gá, ó fún un. Ọ̀dọ́kùnrin náà wò ó bí ìdọ̀tí. "Owó ni mo ń wí, Màmá."

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí jíìpù kan dúró níwájú wa ní Ìkirè. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ yí gíláàsì wálẹ̀: Bólúwají ni. Ìyá Qaosarat tiro lọ bá a. Ó ra dòdò, ó sanwó, ó gba ṣéńjì rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò wọlé padà.

"Màmá, èènì ńkọ́?"

Mo dìde lórí bẹ́ńṣì. Mo ní lónìí ni yóò gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́ rí. Ìyá Qaosarat ṣa èyí tó tóbi jù nínú àtẹ, ó fi í sí i lọ́wọ́.

"Gbà, ọmọ mi."

Ó dúpẹ́, ó yí gíláàsì sókè, ó lọ. Mo tutọ́ sílẹ̀.

"Ìyá Qaosa! Irú ènìyàn yẹn náà lẹ fún ní èènì?"

Ó tẹ̀ síwájú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di orúnkún rẹ̀ mú.

"Ṣé kò sanwó ni?"

Bọ́ọ̀sì kan rọra níbi tí títì ti bàjẹ́. Ó gbé àtẹ rẹ̀, ó sì sáré tẹ̀ lé e.