Àbídéènì lójú Ọ̀nà Kétu

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìpínlẹ̀ Plateau nílẹ̀ Benin, kó wọ ọkọ̀ Àbídéènì. Láti ẹ̀gbẹ́ ọjà Missèbo ní Kútọnu ló ti ń kó èrò: Ègùn Ìfọ̀nyìn, Nàgó Ṣakété àti Pobè, Ọ̀họ̀rí inú ilẹ̀ dúdú tó máa ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn lójò, títí dé Kétu ilé rẹ̀. Èdè oníkálukú ló fi ń kí i, òun náà ló sì fi ń bú u. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni Àbídéènì wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, wọ́n sì ti sin ín kó tó dé. Láti ìgbà náà, ohun kan ló ń bẹ Ọlọ́run fún: kó jẹ́ ọwọ́ òun ni yóò gbé ìyá òun sínú sàárè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Yísà, àbúrò bàbá rẹ̀, pè é lórí fóònù.

"Àbídéènì, ìyá ẹ ní kó o yọjú. Ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ le. Má sáré o, rọra máa bọ̀."

Ìyá ti ń ṣàìsàn bọ̀ tẹ́lẹ̀, Àbídéènì kò fura. Ọkọ̀ Kétu kì í sì í lọ lófìfo, ó dúró kí èrò pé. Lẹ́yìn Pobè, obìnrin Ọ̀họ̀rí kan bẹ̀ ẹ́ pé kó ya abúlé òun, ẹrù òun wúwo. Ó yà. Ilẹ̀ dúdú gbé táyà mì, àwọn ará abúlé bá a tì í pẹ́. Àbídéènì ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín! Títí dòní, ẹ̀rín yẹn ló ń dùn ún jù.

Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé Kétu. Ìyá ti kú láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Wọ́n ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti kírun sí wọn lára, wọ́n ti sin wọ́n, nítorí òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nílẹ̀ wa, a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Àṣà méjèèjì ló dára. Àárín wọn ni ọmọ ọlọ́mọ há sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a dúró dè yín títí," ni Nimotallahi àbúrò rẹ̀ wí, ó ń sunkún. "Ẹ̀rù ló bà wá. A ní bí ẹ bá gbọ́, ẹ ó sáré."

"Ẹ̀ bá jẹ́ kí n sáré."

Ó lọ sídìí sàárè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí erùpẹ̀ tútù.

"Ẹ kúulé, Ìyá. Mo ti dé."

Lemọ́mù na ọwọ́ láti dá a lẹ́kun, nítorí Mùsùlùmí kì í dọ̀bálẹ̀ fún sàárè, àmọ́ ó ká ọwọ́ náà kò.