Bí Àtàǹpàkò Mi Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Ọ̀bẹ

Mi ò lè de bọ́tìnì aṣọ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àtàǹpàkò ọ̀tún mi ti wú, ó ń ta mí, ó sì gbóná janjan. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ló gún un níbi tí mo ti ń rán àpò ìyẹ̀fun nílé iṣẹ́ wa n'Íkẹjà.

Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe níbẹ̀ náà ni mo ṣe. Àǹtí Bísí, tó máa ń jókòó tì mí, tú kápúsù oògùn apakòkòrò àrùn kan, ó da lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ sójú egbò.

"Gbé méjì mì sí i. Kó tó di ọ̀la, ó ti gbẹ."

Ó gbẹ lóòótọ́, àmọ́ òkè nìkan ni. Ọyún ń kóra jọ nísàlẹ̀.

Ní ọsibítù l'Ágége, mo jókòó títí ìdí fi ń ro mí. Dókítà obìnrin kan la àtàǹpàkò náà, ó fún ọyún jáde, ó sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù. Igbe mi dé géètì.

"Mà, tó bá wọ eegun, a lè ní láti gé e o," ni dókítà náà wí.

Mo sunkún, mi ò tijú. Kí ni aránṣọ fẹ́ fi ọwọ́ tí kò ní àtàǹpàkò ṣe?

Èsì láàbù fi hàn pé àwọn kòkòrò náà ń pèsè èròjà kan tí wọ́n ń pè ní bẹ́tà-láktàmésì, tó ń ba oògùn inú kápúsù wa jẹ́ kó tó rí wọn pa. Bí a bá ń lo oògùn lálòkulò, àwọn aláìlágbára ń kú, àwọn olóríkunkun ń ṣẹ́kù, wọ́n sì ń bí sí i.

"Ẹ wò ó bí àlùmọ́gàjí tó ń gé òwú yín," ni dókítà wí. "Èròjà méjì ló wà nínú oògùn tuntun tí mo fẹ́ fún yín yìí. Ọ̀kan á há sẹ́nu àlùmọ́gàjí yẹn, ìkejì á wá ráyè ṣiṣẹ́."

Èyí tó ń há sí i yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ lè dá kòkòrò pa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Oògùn náà mú kí n máa yàgbẹ́ gbuuru, àmọ́ ara mi kò gbóná mọ́, ìka tó wú náà sì ń rọlẹ̀. Àǹtí Bísí ní, "Ó ti san, fi ìyókù pamọ́ jàre!" Mi ò gbọ́. Mo lò ó tán pátápátá.

Inú mi dùn débi pé mo ń kí ìka mi láàárọ̀. Ara ṣe gudugudu méje, Ọlọ́run ló ni ìyìn. Nígbà tí ìjọba alágbádá tún pè wá síbi ìdìbò, mo ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, mi ò sì gbé e kúrò.

"Mà, ó ti tó," ni òṣìṣẹ́ ìdìbò wí.

Mo ní, "Ẹ ní sùúrù fún mi. Ẹ ò mọ bó ṣe kù díẹ̀ tó kí wọ́n gé e."