Ìṣirò Ìkẹyìn Bàbá Ẹ̀ẹ̀mejì

Ẹni tó bá pàdé obìnrin náà lọ́nà, tó rí ṣọ́ọ̀kì funfun ní ìka rẹ̀, ní etí rẹ̀, nígbà mìíràn ní imú rẹ̀ pàápàá, á rò pé àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ ní á-bí-dí. Àǹtí Ṣọ́ọ̀kì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó síwájú pátákó dúdú, kó máa ro bí àwọn ohun tójú ò lè rí ṣe ń rìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ni. Bó bá délé, gbogbo ara ló máa ń ro ó bí ẹni tó roko dé.

Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní Bàbá Ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, àwọn ohun tó kéré jù lọ láyé ni bàbá yìí ń ṣírò nípa wọn, àwọn wóró tí kò tilẹ̀ ní ìwúwo, tó jẹ́ pé eré sísá ni tiwọn, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Kò sẹ́ni tó rò pé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ á wúlò fún ohunkóhun. Àfìgbà tí àwọn kan bó abala èédú kan kúrò lára dúdú inú pẹ́ńsù, abala tó tín-ín-rín dé ibi tí tín-ín-rín parí sí, tí wọ́n wá rí i pé iná mànàmáná ń sáré nínú rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí àwọn wóró bàbá ṣe ń sáré. Bí iṣẹ́ tí wọ́n ti pa tì ṣe tún jí mọ́ bàbá lọ́wọ́ nìyẹn.

Ohun tó sọ ọ́ ní Ẹ̀ẹ̀mejì ni pé kò gba ìṣirò kankan gbọ́ àfi tí ẹni méjì bá ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òun á wà ní yàrá tirẹ̀, àǹtí á wà ní yàrá tirẹ̀, ẹnì kan ò sì gbọdọ̀ yọjú wo pátákó ẹnì kejì. Bí wọ́n bá pàdé nídìí omi mímu, ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dun bàbá ni wọ́n máa sọ. Lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì bá parí, oníkálukú á kọ èsì tirẹ̀ sórí bébà, wọ́n á sì ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ojú tó bá ti rí èsì," ni bàbá máa ń wí, "kò ṣeé fi jẹ́rìí mọ́. Ibi tó ti rí ni ọwọ́ máa gbé ìṣirò lọ."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, abala èédú mẹ́ta tí wọ́n tò léra ni wọ́n ń ṣírò. Àwọn tó ń wọn nǹkan nísàlẹ̀ ilé fẹ́ mọ bó ṣe yẹ kí àwọn yí abala àárín, kí iná inú rẹ̀ lè fẹ̀sọ̀ rìn. Wọn ò lè máa dán an wò lásán. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe abala kan, bí wọ́n bá sì yí i ṣì, ó bàjẹ́ nìyẹn. Èsì àwọn méjì yìí ni wọ́n ń dúró dè.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló ń já àǹtí láyà. Bàbá ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ń gbàgbé ibi tó fi awò ojú rẹ̀ sí, ìyẹn ò burú, ta ni kì í wá awò? Àmọ́ lọ́jọ́ kan ó dúró níwájú kíláàsì, ó di ṣọ́ọ̀kì mú, kò sì rántí ohun tó fẹ́ kọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ó ń ronú ni. Àǹtí tó jókòó lẹ́yìn mọ̀ pé kò ro nǹkan kan. Látìgbà náà ló ti ń gbàdúrà pé kí èsì wọn ṣáà dọ́gba, kí ọkàn òun lè balẹ̀ pé ọpọlọ bàbá ṣì ń ṣiṣẹ́.

Èsì náà sì dọ́gba! Nígbà tí wọ́n ṣí bébà, kò sí nọ́ńbà kan tó yẹ̀. Inú àǹtí dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́! Ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni!"

"Ìwọ náà kú iṣẹ́," ni bàbá wí. Kò wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àǹtí ń da ìṣirò náà kọ láti orí pátákó sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Ó dé ìlà kan, ó dúró. Eéje ló yẹ kó wà níbẹ̀. Apá aṣọ rẹ̀ ló ti nu orí eéje náà kúrò, ó wá ku igi rẹ̀ gbọọrọ. Òun fúnra rẹ̀ sì ti kà á sí oókan, ó ti fi oókan ṣírò dé òpin. Ó pòṣé, ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó tún un ṣe, èsì sì yí padà. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu.

Òun ṣì í, ó dáa. Báwo ni bàbá ṣe wá ṣì í bákan náà? Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ ṣírò, eéje ló máa bá pàdé. Orí pátákó àǹtí nìkan ni oókan yẹn wà ní gbogbo ayé, àǹtí kì í sì í ti yàrá bó bá lọ sí kíláàsì. Yéè! Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku ṣọ́ọ̀kì, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kò fi olè kan bàbá. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pa òfin kan mọ́ kì í ṣàdédé rú u. Bàbá ti gbìyànjú, kò rí i ṣe ni.

Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gba ilé bàbá lọ. Ìyàwó bàbá ló ṣílẹ̀kùn fún un. "Ọmọ mi, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà. Bàbá ńkọ́?"

"Ó ń yá oòrùn lẹ́yìnkùlé. Látàárọ̀ ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀."

Àǹtí fa àga sún mọ́ bàbá. "Bàbá, mo ṣe àṣìṣe nínú tèmi. Mo ka eéje sí oókan."

Ẹ wo bó ṣe fọgbọ́n gbé e kalẹ̀. Àṣìṣe tirẹ̀ nìkan ló sọ, ó fi àyè sílẹ̀ fún bàbá láti ní òun náà ṣì í, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bàbá ò gba ibẹ̀ sá.

"Mo wọ yàrá rẹ," ló wí. "Mo jókòó ti ìṣirò yẹn títí. Bí mo bá fi máa dé ìlà kẹta, ìlà kìíní ti lọ. Ojú tì mí láti sọ fún ọ. Ojú tì mí láti sọ fún ìyàwó mi."

"Ẹ má wí bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Jẹ́ n wí i. Ta ni n ó wí i fún, bí kò ṣe ìwọ? Díẹ̀ ló kù kí n ba iṣẹ́ àwọn ará ìsàlẹ̀ jẹ́. Yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀."

Àǹtí yarí. "Mi ò ní yọ ọ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ìwọ mọ̀. Èmi náà mọ̀. Gbé kọ̀ǹpútà rẹ síbí."

Àǹtí gbé e sórí itan. Orúkọ méjì wà lókè ìṣirò náà, ti bàbá ló ṣáájú. Àǹtí ń pa lẹ́tà orúkọ bàbá rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ń wò ó, kò gbójú kúrò títí lẹ́tà tó kẹ́yìn fi lọ.

"Èsì tuntun wá ńkọ́?"

Àǹtí kà á fún un. Bàbá tẹ́tí sílẹ̀, ó mi orí. Kò hàn bóyá ó yé e.

"Ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí wọn, sà?"

"Ta ló bá ọ ṣe é?"

"Èmi nìkan ni, Bàbá."

"Kò tíì parí nìyẹn."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń..." Ẹkún gbà á lẹ́nu. Bàbá fà á mọ́ra, òun náà ń sunkún, kò nu ojú rẹ̀.

"Wá ẹlòmíràn, ọmọ mi," ló wí. "Má sì sọ èsì fún un."