Ọkọ̀ Ayaba Òjò

Nígbà tí mo ń ti Ìṣẹ́ bọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà lọ́dọ̀ fọkanáísà kan ní Ìkéré kí ó bá mi wo táyà ọkọ̀ mi tó ń rọ̀. Ó yọ fáàfù, afẹ́fẹ́ sì tú jáde, fììììì. Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì kò tilẹ̀ mira. Èmi nìkan ni mo gbójú sókè, tí mo ń wo sánmà bí ẹni tó ń retí nǹkan. Fọkanáísà ní, "Mọ́mì, ṣé òjò ń bọ̀ ni?" Mo ní rárá. Ta ni yóò dúró lẹ́bàá títì kó máa gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó, ẹ̀yin ni n ó sọ ọ́ fún.

Agbo ilé ìyá bàbá mi ní Ìṣẹ́ ni mo ti dàgbà. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Nígbà kan, ilé náà kún débi pé bí o bá fẹ́ sunkún, o ní láti wá ibi tí o máa lọ. Ariwo odó níhìn-ín, ariwo ọmọ lọ́hùn-ún, àwọn àbúrò bàbá mi sì ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó. Ìlú jó, ìlú yọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwa ọmọdé ni pé ìpínlẹ̀ tuntun ń fẹ́ òṣìṣẹ́, Adó sì ni yóò ti máa pè wọ́n. Bàbá mi, tí wọ́n ń ṣe tíṣà, bọ́ sí mínísírì. Wọ́n kó ìyá mi àti àwọn àbúrò mi lọ sínú yàrá kan ṣoṣo ní Adó. Wọ́n ní, "Yàrá náà ò gbà wá tán. Bí mo bá ti rí ilé tó gbòòrò, n ó wá mú ọ." Àwọn àbúrò wọn náà tẹ̀lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn kan tì, òmíràn tì, títí ó fi ku èmi àti Màmá, pẹ̀lú ewúrẹ́ kan tó ń ké káàkiri àgbàlá bí ẹni tó sọ nǹkan nù.

Mo ṣì ní Bọ́sẹ̀ nígbà yẹn, ọmọ ilé kejì sí tiwa. Bí òjò bá ti ń ṣú lẹ́yìn òkè, Bọ́sẹ̀ a ní Ayaba Òjò ló ń sá aṣọ rẹ̀. Àwa méjèèjì la dá Ayaba yìí sílẹ̀ láti inú orí ara wa. Yìnyín ni a fi kọ́ ààfin rẹ̀, lékeléke ni àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Ní ìlú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kó lọ kó fi ẹnìkan sílẹ̀: bí ìdílé kan bá fẹ́ ṣí, gbogbo ilé náà ni yóò dìde, tòun ti adìyẹ, tòun ti ààrò. Bọ́sẹ̀ ló fi ti ààrò kún un.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ wá kó ẹrù àwọn Bọ́sẹ̀ náà lọ sí Adó. Ó ń juwọ́ sí mi láti orí mátírẹ́ẹ̀sì, inú rẹ̀ dùn gan-an, n kò sì lè bá a bínú. Ẹsẹ̀ sílípáàsì rẹ̀ kan jábọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé e pamọ́ dè é.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì bu omi sínú ìgò oníke kan, ó fi ìdérí tó ní fáàfù dí i lẹ́nu, ó sì fi páǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú. Ike náà fò kọjá òrùlé kíláàsì. Ó ní bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ń fò nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́, wọ́n sì gbàgbé. Èmi kò gbàgbé, torí mo ti mọ̀ pé Ayaba Òjò ni tèmi yóò gbé lọ sílé rẹ̀ lójú sánmà.

Mo ṣa ike méjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìgbéyàwó kan parí. Mo gé ọ̀kan, mo fi dé èkejì lórí bí àkẹtẹ̀. Ibẹ̀ ni Ayaba yóò jókòó. Ṣùkù àgbàdo ni mo fi ṣe Ayaba, páálí bàtà ni mo fi ṣe ìyẹ́ apá ọkọ̀ náà, irin agbòòjò tó ti kán sì ni mo fi gbé ìyẹ́ náà dúró. Mo fi búlúù tí Màmá fi ń fọ aṣọ funfun kun gbogbo ara rẹ̀, mo wá lẹ ìyẹ́ lékeléke tí mo ṣà lẹ́yìn àwọn màlúù mọ́ ọn. Sílípáàsì Bọ́sẹ̀ ni mo gbẹ́ ṣe ìdérí. Ó dùn mí bí mo ṣe ń gé e, torí ńṣe ló dà bíi pé mo ti gbà pé kò ní padà wá wọ̀ ọ́ mọ́.

Fáàfù nìkan ló kù. Ọ̀kan ṣoṣo tó wà nínú ilé wà lára kẹ̀kẹ́ bàbá bàbá mi, tó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Kẹ̀kẹ́ náà fara ti ògiri yàrá Màmá, aṣọ ni wọ́n fi bò ó, wọ́n sì máa ń nù ún dáadáa bí ẹni pé olówó rẹ̀ ń bọ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yọ fáàfù kẹ̀kẹ́ Bàbá."

"Rárá o."

"Ṣebí kẹ̀kẹ́ náà ò lọ síbì kankan mọ́."

"Ohun tí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn," ni Màmá wí. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Àjíǹde pé, bàbá mi ránṣẹ́ pé gbogbo àwọn ń bọ̀, àwọn yóò sì mú Bọ́sẹ̀ dání. Màmá gbá àgbàlá, wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí àwọn yàrá. Lọ́jọ́ náà, wọ́n gúnyán tó lè bọ́ adúgbò, wọ́n sì ró ìró wọn tó dára jù. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìkéré ni mo ń dìde fún, gbogbo wọn ló sì ń kọjá. Nígbà tí oòrùn ti ń rẹlẹ̀, awakọ̀ kan dúró, ó ní bàbá mi ní kí òun sọ fún wa pé ara àbúrò mi ń gbóná, ó di ìgbà mìíràn.

Màmá kí i kú iṣẹ́, wọ́n sì di iyán fún un. Wọ́n wọlé, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, páǹpù kẹ̀kẹ́ Bàbá wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, fáàfù wà ní àtẹ́lẹwọ́ òsì.

"Kí lò ń wò? Lọ gbé nǹkan rẹ jáde."

Wọ́n yẹ ọkọ̀ náà wò yíká, wọ́n yọjú wo Ayaba, wọ́n sì bu ẹnu àtẹ́ lù mí. "Irú ayaba wo ló ń rìnrìn àjò láì wé gèlè?" Wọ́n fa etí aṣọ kan ya, wọ́n wé e fún ṣùkù àgbàdo.

Mo ki fáàfù bọ inú ìdérí, mo sì bu omi sínú ike. Èmi dì í mú, Màmá ṣán ìró mọ́dìí, wọ́n ń fẹ́ páǹpù. Wọ́n ń fẹ́, wọ́n ń mí hẹlẹ, wọn ò jẹ́ kí n gbà á. Lójijì, ọkọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Omi dà lu ìró Màmá láti òkè délẹ̀. Ọkọ̀ náà gòkè, ó kọjá òrùlé, ó kọjá orí ọ̀pẹ, oòrùn ràn sára búlúù rẹ̀, àwọn ìyẹ́ funfun ń tú dànù lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wọ inú oko kòkó lọ. A kò rí i mọ́ títí dòní.

Màmá ń rẹ́rìn-ín, omi ń kán lágbọ̀n wọn. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí ilé ti dá páropáro. Wọ́n ní, "Ó ti délé." "Ulé" ni wọ́n pe ilé, bí àwọn àgbà wa ṣe ń pè é. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín tán lójú wọn. Wọ́n ní, "Ìwọ náà á lọ. Bí bàbá rẹ bá ti rí ulé, ìwọ náà á lọ. Kò burú."

Láti ọjọ́ tí àwọn ará ilé ti ń kó lọ, èmi nìkan ni mo rò pé wọ́n fi sílẹ̀. Kò tíì wá sí mi lọ́kàn rí pé Màmá ni gbogbo wọn fi sílẹ̀, àti pé èmi ni yóò ṣe ìkẹyìn.

Bàbá mi wá mú mi nígbà ọlidé tó gùn. Mo rí Bọ́sẹ̀ ní Adó. Ó ti ní ọ̀rẹ́ mìíràn. Nígbà tí mo dárúkọ Ayaba Òjò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ayaba wo?" Màmá kọ̀, wọn ò bá wa gbé Adó títí wọ́n fi kú.

Ọ̀nà ti dára sí i báyìí, ẹ̀yin náà sì ń rí ojú ẹni tó wà ní ìdálẹ̀ nínú fóònù. Ìyá mi ti kú, bàbá mi ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti padà sí Ìṣẹ́. Àwọn nìkan ló wà nínú agbo ilé náà. Bí mo bá lọ kí wọn, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń wo ojú ọjọ́. Wọn a ní, "Máa lọ, kí ilẹ̀ má ṣú bá ọ lọ́nà." Mo máa ń dáhùn pé mo ti ń lọ. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fa àga súnmọ́ wọn, mo sì máa ń jókòó padà.