Ẹni Tó Bí Ẹ Ló Kọ Ọ́

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Ìyá Hẹ̀lóò, ẹ sọ fún un pé etí rẹ̀ ti ń di. Iṣẹ́ tẹlifóònù ló fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ṣe, láyé ìgbà tó jẹ́ pé èèyàn ló ń fi okùn so ẹni tó ń pè mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Ẹni tó ń pè kì í tíì sọ̀rọ̀ tán tí yóò ti kí i bó ṣe yẹ. Ó mọ ohùn dókítà, ó mọ ohùn ọkọ tó ń purọ́ fún ìyàwó pé ibi iṣẹ́ lòun ṣì wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ yẹn. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ̀yìn ti ìyangàn. Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé òun kì í ṣi ohùn ẹnikẹ́ni mọ̀.

Nínú gbogbo ohùn ayé, ọ̀kan ló kà sí tirẹ̀. Inú àwo orin kan ló wà, àwo dúdú kékeré, irú èyí tí èèyàn máa ń wọ yàrá kótópó kan láyé ijọ́un láti gba ohùn ara rẹ̀ sí. Ọmọ ọwọ́ ni Ìyá Hẹ̀lóò nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Kò mọ ojú rẹ̀, fọ́tò kankan kò sì sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá ń wà, ọ̀nà jíjìn ló sì ń rìn. Giramafóònù kan wà nílé ẹ̀gbọ́n bàbá yìí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti há, eré kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n sá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àwo náà lé e, ọmọdé yìí béèrè pé ta ló ń kọrin. Aṣọ ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń lọ̀ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ẹni tó bí ẹ ló kọ ọ́.”

Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ohùn náà tín-ín-rín, ó dùn, ohùn obìnrin ni. Ọmọ náà gba ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sì jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun mọ́. Ìró kékeré kan máa ń kọ́kọ́ dún, “kín-ín,” kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà sì máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun nìyẹn, òun ọmọ ọwọ́, lórí itan ìyá òun. Orin náà kò gùn:

“Sùn, ọmọ mi, má sunkún mọ́,
ẹni tó lọ ti lọ,
èmi rèé, mi ò lọ síbì kankan.”

Ta wá ni ẹni tó lọ? Ta tún ni, bí kò ṣe bàbá onímọ́tò? Bó ṣe túmọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ó sì di bàbá sínú. Bí bàbá bá ti ìrìn àjò dé, yóò kọ́kọ́ tún ọ̀fun ṣe lẹ́nu ọ̀nà, “hẹ̀n-ùn,” kó tó kan ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ ilé á sáré lọ kúnlẹ̀ kí i pé ẹ káàbọ̀. Ọmọ tirẹ̀ gan-an á gba ẹ̀yìn ilé lọ. Lọ́jọ́ kan, bàbá wọlé bá a níbi tó ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé giramafóònù, tó ń pe ohùn inú àwo ní màmá mi. Bàbá dúró, ó sì padà sídìí mọ́tò rẹ̀. Ọmọ náà fi ìyẹn náà kún ẹ̀ṣẹ̀ bàbá.

Ìgbà tí ogbó dé, ọ̀dọ̀ ọmọ yìí ni bàbá wá fẹ̀yìn lélẹ̀ sí. Ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ẹnikẹ́ni kò lè bá a wí. Ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jókòó tì í. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ibùsùn.

“Ṣé àwo yẹn ṣì ń dún?”

“Ohun tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ni, Bàbá. Kò kàn yín.”

Bàbá ní ó dáa, ó sì kọjú sí ògiri. Kò béèrè mọ́ títí tó fi kú. Ẹyin lọ̀rọ̀, àwa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí inú ń bí kì í rántí.

Nísinsìnyí, àwo ti ń há. Abẹ́rẹ́ ń fò lórí rẹ̀, ariwo ṣàà ti fẹ́ bo orin mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù wá bà á gidi, nítorí bí àwo yẹn bá kú, ìyá rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, kò sì ní sí ohun tó kù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sọ fún un nípa ọkùnrin kan tó ń kó orin inú àwo àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó fi gèlè wé àwo náà, ó gbé e mọ́ àyà, ó di ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Aláwo.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀. Àwo kún ibẹ̀ dé òkè àjà, tábìlì kan wà láàárín pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń dán. Ọkùnrin náà ti ń hu ewú, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀. Ó fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ wẹ àwo náà, ó nù ún, ó gbé e lé ẹ̀rọ. Ó béèrè orúkọ tí òun máa fi pa á mọ́, Ìyá Hẹ̀lóò sì ní kó kọ “Ohùn Ìyá Mi.” Ó na ohun ìgbọ́rọ̀ tí wọ́n ń fi sétí sí i. Ìyá Hẹ̀lóò fi há etí bí ọlọ́jà tó padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ó tún jókòó dáadáa, ó ń retí “kín-ín.”

“Hẹ̀n-ùn.”

Ara rẹ̀ ti yíjú wo ẹnu ọ̀nà kí ọkàn rẹ̀ tó mọ ohun tó gbọ́. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ohùn ńlá kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin létí rẹ̀, ohùn ọkùnrin, ó rọra ń kọ ọ́ bí ẹni tí kò mọ orin kọ. Ó bọ́ nǹkan náà kúrò létí, ó sì fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún ọkùnrin náà pé àwo ẹlòmíràn ló gbé sí i. Ọ̀gá ní àwo kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀rọ, màmá fúnra rẹ̀ ló sì gbé e wá. Ìyá Hẹ̀lóò ní a jẹ́ pé ó ti ba ohùn ìyá òun jẹ́.

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó béèrè irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ nílé. Ìyá Hẹ̀lóò sọ ti bọ́tìnnì tó há, ó ní òun fúnra òun ra irú rẹ̀ nígbà tó yá, òun sì ń yí i sí eré kan náà, kí ohùn màmá lè jáde bó ṣe yẹ. Ọ̀gá ṣàlàyé fún un.

“Màmá, àwo kọ̀ọ̀kan ló ní eré tirẹ̀. Bí wọ́n bá lé e sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn á tín-ín-rín. Ọkùnrin olóhùn ńlá á máa dún bí obìnrin.”

Ó tẹ nǹkan kan lára ẹ̀rọ, ohùn tín-ín-rín jáde, ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ó tún un tẹ̀, ìyá lọ, ọkùnrin inú àwo jókòó sípò rẹ̀. Ìyá Hẹ̀lóò ní kó tún un ṣe, Ọ̀gá tún un ṣe, bákan náà ni. Ẹni tí kì í ṣi ohùn! Gbogbo ìlú ló mọ̀ lóhùn, ó wá ṣi ti inú ilé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kò purọ́ fún un. Ẹni tó bí ẹ, ló wí. Ìyá ló ń bímọ, bàbá náà ń bímọ, ta ní ní kí ọmọdé mú ọ̀kan? Ẹni tó lọ kì í ṣe onímọ́tò. Ìyá ló lọ, ó lọ pátápátá, ọkọ rẹ̀ sì wọ yàrá kótópó lọ ṣèlérí fún ọmọ tí kò tíì gbọ́ èdè. Kò sì yẹ̀ ẹ́. Kò sí ìrìn àjò tí kò ti dé, kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń pe ohùn òun ní màmá, ó rí i pé ìyá ni ọmọ náà ń wá, ó sì yọ̀ǹda ohùn náà fún un. Ó wá jókòó síta bí ẹni tí kò ní nǹkan kan. Èyí ló ba Ìyá Hẹ̀lóò lẹ́rù jù.

Ọ̀gá Aláwo rí ojú rẹ̀, àánú sì ṣe é. Ó ní kò sí wàhálà, ohun tí òun máa tẹ̀ kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, òun lè pa á mọ́ sí eré àtijọ́, màmá á sì gbé màmá rẹ̀ lọ sílé bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní mọ̀.

Ìyá Hẹ̀lóò wo bọ́tìnnì náà títí. Ìyá tó ní látìgbà èwe ló wà lábẹ́ ìka ọkùnrin yẹn. Omi ti dé ojú rẹ̀, kò nù ún. Ó ní kó pa orúkọ tó kọ́kọ́ kọ rẹ́, kó dá abẹ́rẹ́ padà síbẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ kó dún síta.

“Hẹ̀n-ùn.”

Àgbàlagbà obìnrin dìde lórí àga, ó di tábìlì mú, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó kọjú sí ẹ̀rọ náà.

“Ẹ káàbọ̀, bàbá mi,” ló wí. “Ó ṣì ń dún.”