Ọ̀pá Kámẹ́rà Tí Mo Gbé Wọ Omi Efire

Ìwà òmùgọ̀ ni mo hù, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo de kámẹ́rà mi mọ́ orí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ kan, èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní mónópọ́ọ̀dù, mo fi í sílẹ̀ kó máa dá dúró, mo sì lọ gba mọ́ínmọ́ín. Ọ̀pá náà ní ọmọ ẹsẹ̀ kéékèèké mẹ́ta nísàlẹ̀ tó là gàgà bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Èmi rò pé ohun tó bá ti ní ẹsẹ̀ mẹ́ta yóò lè dúró. Ó sì dúró lóòótọ́. Ó dúró títí mo fi na ọwọ́ gba mọ́ínmọ́ín, lẹ́yìn náà ló wá dojú bolẹ̀ gbàgà níwájú ààfáà tó ń ṣe àdúà fún ọmọ tuntun lọ́wọ́.

Ààfáà gbé ojú sókè. Ó wo kámẹ́rà, ó wo èmi, ó wá wo mọ́ínmọ́ín ọwọ́ mi.

"Ìwọ oní-fídíò," ó ní, "ṣé ọ̀pá ni wọ́n bẹ̀ níṣẹ́ ni, àbí ìwọ?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ìkókó rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ jí. Orí ọ̀pá, ibi tí a ti ń de kámẹ́rà mọ́ ọn, kán. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ kò kú, ṣùgbọ́n àpá wà lára rẹ̀ títí di òní. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín náà. Kí ni ǹ bá tún fi ṣe?

Ẹ lè bi mí pé kí ni àgbàlagbà ń fi ọ̀pá ṣe. Ọwọ́ mi ló máa ń gbọ̀n. Kì í ṣe ọjọ́ orí, kì í ṣe àìsàn, ẹ̀rù ni. Ohun tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò ṣẹlẹ̀, tí a kò lè ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un ṣe, ó máa ń kó jìnnìjìnnì bá mi. Bí ọkọ ìyàwó bá ti mú òrùka dání báyìí, èmi ni wọn ì bá rọra fún ní omi mu. Ìyàwó kan wo fídíò tí mo ṣe fún un tán, ó ní òun kò mọ̀ pé ilẹ̀ ń mì lọ́jọ́ náà.

Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí ti bọ́ nínú ìyẹn ní tiwọn. Gímbà ni wọ́n ń lò, ẹ̀rọ kan tó ní ẹ́ńjìnnì kékeré nínú, tí kì í jẹ́ kí àwòrán mì, tó ń yí orí kámẹ́rà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Wọ́n á tẹ̀ kòkò, wọ́n á máa yọ́ ẹsẹ̀ gbé bí ẹni tó fẹ́ jí ewúrẹ́, wọ́n á sì máa pòòyì yí ìyàwó ká títí òòyì fi máa kọ́ òbí ìyàwó. Bí bátìrì bá kú, orí kámẹ́rà á wó sílẹ̀ yọ̀bọ̀, àwọn náà á dúró, wọ́n á máa wo ara wọn. Èmi kò lè fi ojú mi rí irú ìyẹn lọ́wọ́ ara mi. Bí ojú bá máa tì mí, ó yẹ kó jẹ́ láìlo iná mànàmáná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí àbúrò mi obìnrin pè mí lórí fóònù. Ọmọ ìyá mi ni. Efire ló ń gbé, létí ọ̀sà, ibi tó ti fẹ́ ọkùnrin Aládùúrà kan láti ìgbà èwe. Mùsùlùmí ni wá nílé wa. Baba wa bínú nígbà náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa débi ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ya fọ́tò kan péré. Baba ti kú, ìbínú náà ti bá a lọ, ṣùgbọ́n fọ́tò kò sí náà ni.

"Bọ̀dá mi, wọ́n fẹ́ fi mí jẹ Ìyá Ìjọ," ó ní. "Ẹ ó wá yà mí."

"N óò wá."

"Ẹ má rán ẹnikẹ́ni o. Ẹ̀yin gan-an. Àwọn ọmọ mi ò mọ bí mo ṣe rí lọ́jọ́ ìyàwó mi. Ẹ bá mi mú èyí sílẹ̀ fún wọn."

"Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

"Ẹ̀rín ni ẹ fẹ́ fi mí rín. Nínú omi ni! Wòlíì á mú mi wọ ọ̀sà lọ, á rì mí bọ omi, kí n tó jáde wá gba òróró."

Mo ní ó dára. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀, inú mi ti ń sọ nǹkan mìíràn. Omi tó pọ̀ jù tí èmi bá ṣe ọ̀rẹ́ ni èyí tó wà nínú dírọ́ọ̀mù. Bí òjò bá rọ̀ tí àgbàrá gba ojú ọ̀nà, tí ọ̀kadà sì fẹ́ gbé mi kọjá, n óò sọ̀ kalẹ̀, n óò ní mo fẹ́ na ẹsẹ̀. Ojú mi máa ń wà ní dídì nígbà tí mo bá ń na ẹsẹ̀ náà. Ẹ sì wo ohun tí wọ́n ní kí n wá ṣe: kí n dúró nínú ọ̀sà, kí n di kámẹ́rà DSLR tó wúwo bí bíríkì mú, kí n ya ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fún ọmọ ìyá mi. Ni mo bá sọ fún ara mi pé ọ̀pá tó dára ni kò sí lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Ó rọrùn láti ra ọ̀pá ju láti ra ọkàn lọ.

Mo gba Àgọ́-Ìwòyè lọ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pọ̀ sí, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì fẹ́ràn, ẹni tó ń tà á kò ní jìnnà. Ọmọkùnrin tí mo bá nínú ṣọ́ọ̀bù fi èdè Òyìnbó kí mi. Ó ń fọ̀ ọ́ lọ títí mo fi dá a lóhùn pẹ̀lú Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé, ló bá rántí pé Òrù ni ìyá òun ti wá.

Ó kọ́kọ́ gbé gímbà jáde. Mo ní kó gbé e padà. Ó gbé ọ̀pá méjì wá. Ọ̀kan tín-ín-rín, ó fúyẹ́, rọ́bà kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀. Èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e nílẹ̀ kó sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ìkejì nípọn bí apá mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta gbòòrò ju ti èyí tó ṣubú lọ, orí rẹ̀ sì ń yí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ohun tí a fi òróró pa. Gbogbo ohun tó fọwọ́ kàn ló ń pè ní ojúlówó. Ọ̀pá jẹ́ ojúlówó, àpò rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e náà jẹ́ ojúlówó. Mo bi í pé kí ni ìṣó tó wà lábẹ́ orí rẹ̀ wà fún. Ó wò ó, ó ní, "Ìyẹn náà, ojúlówó ni."

Ṣùgbọ́n ó béèrè ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí n dáhùn dáadáa.

"Dádì, ṣé ojú kan ni ẹ ó dúró sí, àbí ẹ ó máa tẹ̀ lé èèyàn kiri?"

"Ojú kan," ni mo dá a lóhùn, láìrò ó rárá.

Mo gbé ọ̀pá ńlá náà kalẹ̀, mo sì fi gbogbo ara tì í. Mo di ojú. Mo rò ó bí ẹni pé omi yí mi ká.

"Dádì, kámẹ́rà ni wọ́n ṣe é fún o."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ gbé ara lé e báyìí? Ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?"

"Mò ń dán an wò!"

Irọ́ ni. Ohun tí yóò di kámẹ́rà mú kọ́ ni mò ń wá ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ohun tí yóò di èmi mú ni. Mo ra èyí tó nípọn.

Nígbà tí mo dé Efire, àwọn ọmọ ìjọ ti wọ aṣọ funfun, wọ́n sì ti ń kọrin lọ sí etí omi. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, mo bọ́ ọ. Wọ́n ní kí n ká ṣòkòtò, mo ká a dé orúnkún. Kí n má parọ́ fún yín, omi ibẹ̀ kò jìn. Pẹ́pẹ́yẹ kan ló dúró síbi tí mo fẹ́ dúró sí. Ó wò mí, ó sún fún mi.

Mo tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọnú ẹrẹ̀. Mo fara tì í. Ẹ̀yin èèyàn, ọwọ́ mi dákẹ́! Kò gbọ̀n rárá. Mo fi ojú kámẹ́rà wo àbúrò mi bó ṣe ń bọ̀ pẹ̀lú wòlíì, aṣọ funfun, ojú rẹ̀ ń dán, mo sì ń fi gbogbo oní-gímbà ayé ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi.

Ewéko tó ń léfòó ti bo ibi tí wọ́n máa ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Wòlíì wò ó, ó mi orí, ó yà sí apá òsì, ó ń wá omi tó mọ́ lọ. Àbúrò mi tẹ̀ lé e. Ìjọ tẹ̀ lé wọn. Mo yí orí ọ̀pá títí tí kò fi yí mọ́, àwọn akọrin sì ti wà láàárín èmi àti wọn.

Ọkùnrin kan pariwo sí mi. "Oní-kámẹ́rà! Wọ́n ti lọ o! Tẹ̀ lé wọn!"

"Mò ń bọ̀!"

N kò sún. Mo fa ọ̀pá díẹ̀, ẹrẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Bọ́tìnì kan péré ni ǹ bá tẹ̀ kí kámẹ́rà bọ́ lórí ọ̀pá, kí n sì máa gbé e lọ. Mo mọ ibi tí bọ́tìnì náà wà. Ọwọ́ mi ni kò ráàyè débẹ̀, ó ń di ọ̀pá mú.

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Wọ́n ti fẹ́ rì í!"

"Mo ní mò ń bọ̀!"

Mo gbọ́ ìró omi. Mo gbọ́ tí wọ́n ké halelúyà. Mo tún gbọ́ ìró omi.

Nígbà tí a jẹun tán, a jókòó sẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Òróró ṣì ń dán níwájú orí àbúrò mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ mi láti wo ojú kámẹ́rà. Ó ṣe mí bíi kí n ní bátìrì ti kú, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ ń tàn kedere, aláìnítìjú.

"Ẹ wo bó ṣe dúró dáadáa," ni àkọ́bí rẹ̀ wí. "Kò mì rárá."

"Màámi nìyẹn, wọ́n ń bọ̀!"

"Níbo ni wọ́n gbà lọ?"

Ẹ̀yìn àwọn akọrin ló kù lójú kámẹ́rà, funfun báláú, àti pẹ́pẹ́yẹ náà, ó ń wẹ̀ lọ wẹ̀ bọ̀. Àwọn ọmọ náà ń dúró de ìyá wọn títí fídíò fi parí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo bú ẹrẹ̀. Mo bú ewéko, mo bú wòlíì tó yà sí òsì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo bú ọmọ Àgọ́-Ìwòyè àti ojúlówó rẹ̀. Àbúrò mi jẹ́ kí n bú wọn tán. Ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó tún wo ibi tí òun ti ń bọ̀ pẹ̀lú wòlíì, kí òun tó kúrò lójú kámẹ́rà, ó sì dá a padà fún mi.

"Bọ̀dá mi, mo mọ̀ pé omi ń bà yín lẹ́rù. Láti kékeré ni. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, àwọn kan tún máa wọ omi, èmi ni n óò mú wọn lọ́wọ́ wọ̀ ọ́, iṣẹ́ Ìyá Ìjọ nìyẹn. Ẹ fi ọ̀pá yẹn sílé, ọwọ́ yín ni kí ẹ fi yà mí. Kó máa mì bó bá ṣe fẹ́ mì, kí n ṣáà ti wà nínú ẹ̀."